Bátìrì Kì í Déédéé Kú

Kò sí onímọ́tò kan láàárín wa tí kò tíì gbọ́ gbólóhùn yìí rí: "Bátìrì yín ti kọ̀ndẹ́ẹ̀mù." Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ọkọ̀ ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, ẹ sì ránṣẹ́ pe réwáyà. Ó dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi sípánà kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀ wìí, ó wo bí iná ṣe ta, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ o. Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn." Kí ó tó di ọ̀sán, bátìrì tuntun ti wọlé, èyí àtijọ́ ti bá réwáyà lọ, ọkọ̀ sì ń rìn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, kẹ́-kẹ́-kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Réwáyà tún dé, ó tún mi orí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Púpọ̀ nínú bátìrì tí à ń sọ nù nílẹ̀ wa kò kú ikú ogbó. A pa wọ́n ni. Ooru pa òmíràn, àìrìn ọkọ̀ pa òmíràn, alternator tó ń ṣe ségesège pa òmíràn, ọwọ́ àwa àti àwọn tó ń bá wa tún ọkọ̀ ṣe sì pa èyí tó kù. Olùkọ́, oníṣòwò, awakọ̀ takisí tàbí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ń lo ọkọ̀ ogún ọdún kò lówó tí yóò máa jó báyìí. Tó bá mọ ohun tó ń pa bátìrì, ọkọ̀ rẹ̀ yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àpò rẹ̀ yóò sì sinmi.

Ẹ jẹ́ ká wo inú àpótí náà ná. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ló kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859, òjé àti ásíìdì ló sì fi ṣe é. Ní ọdún 1881, ọmọ ìlú rẹ̀ Camille Faure rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lẹ ìyẹ̀fun òjé pípò mọ́ pléètì òjé náà kí ó lè gba iná púpọ̀ sí i. Láti ìgbà náà, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò yí padà. Yàrá 6 ló wà nínú bátìrì mọ́tò wa, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú fóòtì 2.1 wá, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ bíi 12.6 nígbà tí bátìrì bá yó. Nígbà tí a bá ń lo iná rẹ̀, ásíìdì inú omi á máa wọ ara pléètì, omi náà á sì máa rọ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán. Nígbà tí iná bá ń wọlé padà, ásíìdì á fi ara pléètì sílẹ̀, á padà sínú omi. Àmù inú ilé ni mo fi ń wé e: ohun tí a bù ní láti padà síbẹ̀, alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nínú ọkọ̀, sì ni ẹni tó ń ponmi.

Nǹkan kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò dé. Kíkì, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì, lè fa iná tó tó ámípíà 200 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnu sì lè yà wá pé bátìrì ń fara dà á. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 péré ni. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ohun tí sítáàtì kan ń gbà lọ́wọ́ bátìrì ámípíà 60 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀. Alternator tó dára á dá a padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe sítáàtì ló ń pa bátìrì. Kí ebi máa pa á lójoojúmọ́, kí ó má yó rí, ìyẹn ló ń pa á.

Kí ó tó di ọdún 1912, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ní kíkì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, irin ọwọ́ náà sì máa ń ta padà, ó sì ń ṣẹ́ni lápá. Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló ṣe kíkì oníná tí ilé iṣẹ́ Cadillac fi sínú ọkọ̀ wọn lọ́dún náà. Àwọn àgbà wa tó wọ bọ̀lẹ̀kájà Bedford kò ní gbàgbé irin gígùn tí ọmọ ọkọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, nítorí pé ọ̀pọ̀ lọ́rì ìgbà náà ṣì ní ihò irin yẹn pẹ̀lú kíkì rẹ̀. Bátìrì lè sùn, ọkọ̀ yóò ṣì lọ sọ́jà.

Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún kan náà. Ìgbà Ìjàpá àti 504 nìyẹn. Ọkọ̀ Ìjàpá a máa gbé bátìrì rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì jẹ́ kí ìdérí bátìrì náà sọnù ń fi iná ṣeré, torí pé bí ẹni tó sanra bá jókòó, sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì méjèèjì, fóòmù á sì gbiná. 504 ní tirẹ̀ gbé bátìrì sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ohun tó pa àwọn ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ ni pé gíà ọlọ́wọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí bátìrì bá kú, awakọ̀ á yọjú síta, á ké pe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tì í!" Wọn á tì í, awakọ̀ á ki í sí gíà 2, á yọ ẹsẹ̀ lórí kúlọ́ọ̀ṣì lójijì, ẹ́ńjìnnì á sì sọ̀rọ̀. Kábúrétọ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, kò sì bèèrè iná. Ìwọ̀nba tí púlọ́ọ̀gì nílò láti ta kò pọ̀. Ọkọ̀ ìgbà yẹn mọ bí a ti ń forí ji bátìrì.

Ọkọ̀ tí à ń pè ní àtijọ́ lónìí kò mọ̀ ọ́n. Camry tí a ń pè ní Orobo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, èyí tí a ń pè ní Big Daddy sì ti lé lógún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ná Ìbàdàn sí Ifẹ̀, wọ́n ń ná Abẹ́òkúta sí Èkó. Tòkunbọ̀ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán, ọ̀tòmátíìkì sì ni púpọ̀ nínú wọn. A kò lè ti ọ̀tòmátíìkì kí ó sítáàtì. Kí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ jáde, òógùn lásán ni wọn yóò là. Pọ́ǹpù epo rẹ̀ ń lo iná, ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ń lo iná, brain box tó ń darí gbogbo wọn sì ń lo iná. Bí fóòtì bátìrì bá já wálẹ̀ jù lásìkò tí kíkì ń yí, brain box lè dákẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa yí láìjó. Mẹ́káníìkì tí kò mọ̀dí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú pọ́ǹpù epo. Mo ti rí i tí wọ́n ra pọ́ǹpù, tí wọ́n ra púlọ́ọ̀gì, tí wọ́n ra sẹ́ńsọ̀, tí ó sì jẹ́ pé bátìrì ló ń sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ooru, torí òun ni apànìyàn tí a kò fura sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ wa tó ń gbé London, yóò sọ fún yín pé oṣù January ni bátìrì máa ń já òun kulẹ̀. Òótọ́ ni pé òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù, ó sì máa ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki. Ṣùgbọ́n ìgbà ooru ni wọ́n ti ṣe é léṣe. Òtútù kàn fi àṣírí rẹ̀ hàn ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ bátìrì ń tẹ̀ lé ni pé bí ooru bá fi nǹkan bíi dígírì 10 lé sí i tó sì dúró bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ayé bátìrì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ooru ń jẹ irin òjé inú pléètì, ó sì ń lá omi inú rẹ̀ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí bátìrì kan náà tó lè lo ọdún 5 nílẹ̀ òtútù fi jẹ́ pé bó bá lo 3 lọ́dọ̀ wa, ká dúpẹ́. Ẹ wá fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kún un: ọ̀sán gangan, AC ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kò rìn, afẹ́fẹ́ kò wọlé, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ń hó.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ èyí. Ìdí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń ní ike tàbí aṣọ tó nípọn tó yí bátìrì ká nígbà tí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ jáde nìyẹn, láti dá ooru ẹ́ńjìnnì dúró. Níbo ni ti ọkọ̀ yín wà? Ó ṣeé ṣe kí mẹ́káníìkì kan ti yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́dún tó kọjá nítorí pé ó ń dí sípánà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ lọ wá a. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lè rí ti ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti tú ká ní Ládipọ̀ ní Múṣin, tàbí ní ọjà Àrárọ̀mí ní Géètì Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó ń du ike náà mọ́ yín lọ́wọ́, kò sì ní wọ́n yín.

Bí bátìrì yín bá jẹ́ olómi, èyí tó ní ìdérí 6 lórí, ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù. Omi gbọ́dọ̀ bo orí pléètì dáadáa. Bí ó bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì ni kí ẹ bù sí i, èyí tí wọ́n ti sè di ooru tí wọ́n sì ti kó padà di omi, tí ohunkóhun kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ má fi omi kànga sí i. Ẹ má já píọ̀ wọ́tà sí i. Iyọ̀ àti irin tó wà nínú omi tí à ń mu kò ṣe wá ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń ba pléètì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń dùn mí jù, ni kí wọ́n máa da ásíìdì tuntun sínú bátìrì tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Omi nìkan ló gbẹ; ásíìdì tí ó ti wà níbẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bí ẹ bá da òmíràn lé e, ó le ju bí ó ti yẹ lọ, pléètì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bátìrì náà lè ta kìjí fún ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà á máa yin réwáyà, lẹ́yìn náà ni yóò kú pátápátá.

Ìdúró lójú kan ni apànìyàn kejì, a sì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbangba ní ọdún 2020. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù March nítorí Kòrónà, ọkọ̀ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, àwọn réwáyà kò rójú sinmi. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2023 lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 dé nǹkan bíi 500. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ méjì gbé ọ̀kan jókòó, ẹni tó ní ẹyọ kan ń wọ dáńfó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n rò pé ọkọ̀ tí kò rìn kò náwó. Bátìrì ọkọ̀ náà ń náwó fún wọn.

Ọkọ̀ tí ẹ tì pa kò sùn tán. Àláàmù ń ṣọ́nà, aago rédíò ń lọ, brain box ń rántí nǹkan, tírákà ń ránṣẹ́ síta. Gbogbo wọn lè máa fa nǹkan bíi ámípíà 0.05 papọ̀, èyí tí kò burú. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 24, ámípíà-wákàtí 1.2 ti lọ nìyẹn, bí ó bá sì fi máa di ọjọ́ 25, ìdajì bátìrì ámípíà 60 ti tán. Bí ìdajì náà bá pẹ́ níta, ohun funfun kan tó ti lẹ̀ mọ́ ara pléètì á bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi, ibi tó bá sì ti le bẹ́ẹ̀ kò ní gba iná mọ́. Cháájì kò ní lè yọ ọ́ tán. Bí iná kékeré inú búùtù tàbí inú àpótí iwájú bá ń tàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ọjọ́ 25 á di ọjọ́ mélòó kan péré.

Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe sí èyí kò tó. À ń tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ nínú ọgbà, à ń pè é ní wáàmù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́ lójú kan, iná tí alternator ń pèsè kò pọ̀, bí AC àti fáànù bá sì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máà ṣẹ́ kù nǹkan kan fún bátìrì. Ẹ gbé ọkọ̀ náà jáde fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sáré díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lójú ọ̀nà tó já gaara. Bí ẹ kò bá ní lè gbé e jáde fún ìgbà pípẹ́, ẹ kọ́kọ́ cháájì bátìrì náà yó, kí ẹ sì yọ orí odì rẹ̀, èyí tó dúdú. Ẹ rántí pé rédíò àwọn ọkọ̀ kan máa ń bèèrè nọ́ńbà àṣírí lẹ́yìn irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà náà kí ẹ tó yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ réwáyà tó ń fi sípánà ta iná. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn réwáyà wa gidigidi. Àwọn ló ń mú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti gbàgbé padà sójú títì, láìsí ìwé atọ́nà, nígbà mìíràn láìsí iná mànàmáná. Mo mọ àwọn tó máa tẹ́tí sí ìró kíkì kan ṣoṣo tí wọn á sọ ibi tí wáyà ti já. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an kì í fi sípánà yẹ bátìrì wò. Gáàsì háídírójìn ń jáde lára bátìrì nígbà tó bá ń gba iná, iná kékeré kan tó bá ta sì tó láti fọ́ ọ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ kí ásíìdì sì tú séèyàn lójú. Àṣà kejì tí mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ ni kí wọ́n máa yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá alternator dára. Ìgbà Ìjàpá ni àṣà yẹn ti wá, Ìjàpá kò sì ní brain box. Lára Corolla tàbí Golf, bí ẹ bá yọ orí bátìrì lójijì, fóòtì tó ń ti alternator bọ̀ lè fò sókè kọjá ohun tí brain box lè gbà, owó rẹ̀ sì lè tó ti bátìrì mélòó kan.

Mítà kékeré onínọ́ńbà ló yẹ kó wà lọ́wọ́ réwáyà, bí kò bá sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó wà nínú ọkọ̀ yín. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti bátìrì rárá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ púpọ̀, ẹ fi wáyà pupa sí orí rere, dúdú sí orí odì. Bí ó bá fi 12.6 hàn, bátìrì yó. 12.4 ṣì dára, 12.2 ti di ìdajì, bí ó bá wá lọ sí 12 tàbí kó rẹ̀lẹ̀ sí i, ebi ń pa á. Ẹ wá sítáàtì ọkọ̀. Nígbà tí kíkì bá ń yí, nọ́ńbà náà á já wálẹ̀, kò sì yẹ kó kọjá 9.6 nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jó, ó yẹ kó gòkè sáàárín 13.8 àti 14.5. Bí ó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, alternator kò fún bátìrì lóúnjẹ, bí ẹ bá sì ra bátìrì mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kú. Ó lè jẹ́ fánbẹ́ẹ̀tì tó dẹ̀, ó lè jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì inú alternator tó ti jẹ tán, ohun tí réwáyà tó mọṣẹ́ ń pààrọ̀ kíá. Bí ó bá kọjá 15, alternator ń se bátìrì náà ni: ẹ óò máa gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́, ikùn bátìrì á wú, omi rẹ̀ á sì máa gbẹ lemọ́lemọ́.

Kí ẹ tó gbà pé alternator ló bàjẹ́, ẹ wo orí bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù síbẹ̀ ń dí iná lọ́nà. Ẹ yọ orí odì ṣáájú, lẹ́yìn náà orí rere, kí ẹ fi omi gbígbóná tó ní sódà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì nínú fọ̀ wọ́n, kí ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ dá orí rere padà ṣáájú, kí ẹ sì fi Vaseline pa wọ́n lójú. Ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí orí náà bá ti fẹ̀ jù, tó ń mì, ẹ ra tuntun. Ìṣó tí wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́ láti fi há a kì í mú iná kọjá dáadáa, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá sì bọ́ sí á tún máa tú u sílẹ̀. Ẹ tọ wáyà dúdú náà dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Lára ọkọ̀ tó ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun tẹ́lẹ̀, ìpẹtà ibẹ̀ nìkan ti mú kí wọ́n sọ bátìrì tó dára nù láìmọye ìgbà.

Bí ó bá di pé ẹ gbé bátìrì lọ fún cháájì, ẹ ní sùúrù. Bátìrì ámípíà 60 fẹ́ kí iná wọlé ní bíi ámípíà 6, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó bá sọ pé wákàtí kan ni òun yóò fi ṣe é ń sè é ni, kò bọ́ ọ.

Ìgbà kan á sì dé tí mítà yóò sọ pé ó parí. Bátìrì tó yó lálẹ́ tó sì ti lọ sí 11 láàárọ̀ láìsí ohun tó fà á, yàrá kan ti kú nínú rẹ̀. Ẹ ra òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún bátìrì Bẹ́ljíọ̀mù, èyí tí wọ́n bá àlòkù ọkọ̀ gbé wọlé. Ẹlòmíràn ti lo ìgbà dídára rẹ̀ tán. Lórí tuntun náà, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí èyí tó ti gbé orí pẹpẹ lọ́dún kan láìgba cháájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ẹ wọn fóòtì rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Ó wá ku òkú bátìrì, èmi kò sì lè parí ọ̀rọ̀ láìsọ nípa rẹ̀. Ó ju ìdajì ìwọ̀n bátìrì lọ tó jẹ́ òjé, òjé sì ṣeé yọ́ ṣe bátìrì mìíràn títí láé. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri fi ń ké "kọ̀ndẹ́ẹ̀mù bátìrì" ládùúgbò wa. Iṣẹ́ tó wúlò ni, bí ó bá dé ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi àdá fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń da ásíìdì sí gọ́tà, tí wọ́n ń yọ́ òjé nínú agbada ní gbangba. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 ló kú láàárín òpin ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 níbi tí wọ́n ti ń kó òjé bátìrì jọ. Ní Olódò ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, pàǹtí bátìrì tí wọ́n dà sílẹ̀ kún ilẹ̀ fún òjé débi tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn fi ń ṣe ìwádìí lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ògíjó, ní ibodè Ògùn àti Èkó, tí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé pọ̀ sí, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní 2025 fi òjé hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Orí ọmọdé ló ń kọ́kọ́ bá jà: ẹ̀kọ́ kì í wọ̀ ọ́ lórí mọ́, inú rẹ̀ á máa run ún, ìyá rẹ̀ kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ onímọ́tò kò ju méjì lọ. Ẹ wọn bátìrì àti alternator kí ẹ tó gbà pé bátìrì yín ti kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Bí ó bá sì ti kú lóòótọ́, ẹ gbé e lódindi, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, lọ bá ẹni tó fẹ́ ta tuntun fún yín, kí ó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ óò san. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè ibi tó ń kó wọn lọ. Ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni tí yóò fọ́ ọ ní àdúgbò tí ọmọdé ń gbé.